Kí Ló Ń Mú Olùkọ́ Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Jíwèé?

Lọ́dún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ 1,805,216 ló ṣe ìdánwò àṣejáde WAEC ní Nàìjíríà. Àjọ náà so èsì 215,267 nínú wọn rọ̀ nítorí ìfura magomágo. Lọ́dún 2025, iye tí wọ́n so rọ̀ jẹ́ 192,089. Bí a bá gbọ́ irú iye báyìí, ọmọ tó ká ìwé pélébé sínú ìbọ̀sẹ̀ tàbí tó fi fóònù pamọ́ sábẹ́ aṣọ ló sábà ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, kí odindi kíláàsì tó lè kọ ìdáhùn kan náà pẹ̀lú àṣìṣe kan náà, àgbàlagbà kan ti ní láti dá sí i. Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin 33 ti ọdún 1999, tó de magomágo ìdánwò ní Nàìjíríà, dárúkọ ọ̀gá ilé-ìwé, olùkọ́, alábòójútó àti òṣìṣẹ́ àjọ ìdánwò lọ́tọ̀, ó sì ní kí èyí tó bá jẹ̀bi èrú nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 4 láìsí ààyè owó ìtanràn.

Àwọn tó ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fẹnu kò lórí ohun tó ń fà á. Àwọn kan ní ìwà ìbàjẹ́ ni, àwọn kan ní ìdánwò fúnra rẹ̀ ló ń ti olùkọ́ sí i. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí owó oṣù, sí àánú, sí òbí àti onílé-ìwé, tàbí sí bí a ṣe ṣètò gbọ̀ngàn ìdánwò. Kí a tó yẹ̀ wọ́n wò, ó yẹ kí a rántí pé èrú olùkọ́ kì í ṣe oríṣi kan. Olùkọ́ lè kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ó lè pa ohun tí ọmọ kọ rẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ sílé. Ó lè fi máàkì 2 kún un kí ọmọ lè yege, ó lè jókòó kọ máàkì iṣẹ́ kíláàsì tí kò sẹ́ni tó ṣe é, tàbí kí ó kàn rọra jáde lọ gbatẹ́gùn níta. Àwọn tó ń jiyàn sábà máa ń ní ọ̀kan ṣoṣo nínú wọ̀nyí lọ́kàn láìsọ èwo ni. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn wọn kì í fi í lójútùú.

Ọ̀rọ̀ tó ti wà kí WAEC tó dé

Lọ́dún 1862, lábẹ́ ìdarí Robert Lowe, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so owó ìrànwọ́ ilé-ìwé mọ́ iye ọmọ tó bá yege nínú kíkà, kíkọ àti ìṣirò níwájú ìnspẹ́kítọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn ọmọ há ìwé kíkà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọmọ tí kò mọ̀wé kà lè dúró bí ẹni tó ń kà á. Matthew Arnold, akéwì tó tún jẹ́ ìnspẹ́kítọ̀, ta ko ètò náà nínú àwọn ìjábọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó tó bí ọgbọ̀n ọdún kí ìjọba tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ètò náà dé Èkó. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 àti ti 1887 so owó ìrànwọ́ àwọn ilé-ìwé ìjọ mọ́ èsì ìdánwò. Ní 1916, lábẹ́ Lugard, wọ́n tún un ṣe: ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú akẹ́kọ̀ọ́ gba 40 nínú 100, ìwà, ìbáwí àti ètò ilé-ìwé gba 30, dídáńgájíá àwọn olùkọ́ gba 20, ilé àti ohun èlò gba 10. Mo mú èyí wá nítorí àwọn tó máa ń sọ pé ayé òde òní ló ba olùkọ́ jẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ yìí ti rí i pé kò dára kí a gbé gbogbo owó ilé-ìwé lé èsì ìdánwò nìkan lórí.

Ẹ̀kìspò ọdún 1977, nígbà tí ìbéèrè WAEC tú síta káàkiri, mú kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ní 1984, ìjọba ológun gbé Àṣẹ 20 jáde, ẹ̀wọ̀n ọdún 21 sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe magomágo ìdánwò.

Àwọn tó ní ìwà ni

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ní ilé ìjọsìn, ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ àti lórí rédíò ni pé olùkọ́ tó ṣe èrú kò níwà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹni tí kò mú òtítọ́ láti ilé wá kò lè fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ojútùú wọn kò jìnnà sí èyí. Kí a kọ́ olùkọ́ ní ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, kí àjọ TRCN tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ yọ orúkọ ẹni tó bá ṣẹ̀, kí òfin sì mú un. Ní 2007, nígbà tí Obiageli Ezekwesili jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé-ìwé girama 324 má ṣe jẹ́ ibùdó ìdánwò mọ́ títí di 2010. 86 nínú wọn wà ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá.

Agbára ìrònú yìí ni pé àwọn tó kọ̀ wà. Nínú ilé-ìwé kan náà, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, pẹ̀lú owó oṣù kan náà, olùkọ́ kan á bá wọn ṣe é, èkejì á ní òun kò ṣe. Ká ní ipò tí wọ́n wà nìkan ló ń fà á ni, àwọn méjèèjì ì bá ṣe bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀bi kúrò lórí olùkọ́ ní láti kọ́kọ́ wo ojú àwọn tó kọ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jìyà nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwà kò ṣàlàyé ìdí tí èrú fi ń pọ̀ lójijì níbì kan, tó sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láàrin ọdún kan bí ètò bá yí padà, bí a ó ṣe rí i níwájú. Ìwà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kì í yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n náà ti jẹ́ ọdún 21 rí, ó sì ti di ọdún 4 fún olùkọ́. Èrú kò dáwọ́ dúró lábẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí a bá sì fagi lé èsì odindi ibùdó, ọmọ tó kàwé tó sì dá kọ tirẹ̀ á jẹ nínú ìyà náà, nígbà tí ẹni tó gba owó ti ń palẹ̀ mọ́ de ìdánwò ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn tó ní òdiwọ̀n ló ń tì í

Ní àwọn ọdún 1970, Donald Campbell, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, sọ pé bí a bá ṣe ń fi òǹkà kan ṣe ìpinnu ńlá tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn á ṣe máa wá ọ̀nà láti ba òǹkà náà jẹ́ tó, tí iṣẹ́ tó yẹ kí òǹkà náà máa wọ̀n pàápàá á sì máa bàjẹ́. Atlanta ni àwọn tó gba èrò yìí sábà ń fi ṣe ẹ̀rí, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Òfin No Child Left Behind, tí Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lù ní January 2002, ní kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà dé òṣùwọ̀n nínú kíkà àti ìṣirò títí di 2014, láìku ẹnì kan. Bí ilé-ìwé kan bá ń kùnà léraléra, wọ́n lè pààrọ̀ ọ̀gá àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní Atlanta, Beverly Hall, tó di ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà ní 1999, gbé àfojúsùn tirẹ̀ lé orí ti ìjọba, ó sì ń fún ilé-ìwé tó bá dé ibẹ̀ lówó. Èsì ń gòkè lọ́dọọdún. Ní 2009 wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ tó ta yọ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn akọ̀ròyìn Atlanta Journal-Constitution ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé bí èsì àwọn ilé-ìwé kan ṣe ń fò sókè kò bọ́gbọ́n mu, gómìnà sì yan àwọn olùwádìí.

Ìjábọ̀ wọn jáde ní July 2011. Nínú ilé-ìwé 56 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n bá èrú ní 44. Olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé 178 ni ìjábọ̀ náà ní ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀, 82 sì jẹ́wọ́. Wọ́n ń fi ìrésà pa ìdáhùn tí ọmọ ṣì rẹ́, wọ́n sì ń fi èyí tó tọ̀nà rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan kó ìwé ìdáhùn lọ sílé olùkọ́ kan ní òpin ọ̀sẹ̀ láti jókòó ṣe é. Ìjábọ̀ náà sọ ti ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ní kí olùkọ́ tí èsì kíláàsì rẹ̀ lọ sílẹ̀ rá wọ abẹ́ tábìlì lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan ènìyàn 35 ní 2013. Hall kú ní March 2015. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ dá 11 nínú àwọn 12 tó jẹ́jọ́ lẹ́bi, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe nítorí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn.

Ẹjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Àwọn ọmọ ni èmi ń rò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà wà ní àdúgbò tálákà, ọmọ aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Èsì èké sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ ti mọ̀wé kà, nítorí náà ọmọ náà kò rí ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kó rí. Ìwádìí tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Georgia gbé jáde ní 2015 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n yí ìdáhùn wọn padà rẹ̀yìn nínú kíkà àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti Chicago. Brian Jacob àti Steven Levitt, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003, wá àwọn kíláàsì tí ìdáhùn àwọn ọmọ ibẹ̀ jọra lọ́nà tí kò ṣeé ṣàlàyé, tí èsì wọn fò sókè lọ́dún kan tó sì já wálẹ̀ lọ́dún kejì. Wọ́n ní ó kéré tán, irú èrú yìí wà nínú kíláàsì 4 sí 5 nínú 100 lọ́dọọdún, ó sì ń pọ̀ sí i bí ohun tí ilé-ìwé lè pàdánù bá ń pọ̀. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún olùkọ́ tí èsì kíláàsì rẹ̀ bá dára, èsì gòkè fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kò tìtorí rẹ̀ máa wá síṣẹ́ déédéé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbaradì ìdánwò nìkan ló pọ̀ sí i, ohun tí àwọn ọmọ jèrè kò sì pẹ́ lára wọn.

Àwọn tó ń ta ko èrò yìí náà ní ẹ̀rí. Ní Chicago yìí kan náà, kíláàsì tó lé ní 90 nínú 100 wà lábẹ́ ìnira kan náà láìsí àmì èrú kankan. Ní Andhra Pradesh, ní Íńdíà, Karthik Muralidharan àti Venkatesh Sundararaman rí i pé nígbà tí a fi ẹ̀bùn owó kún owó oṣù olùkọ́ nítorí èsì, àwọn ọmọ mọ̀ sí i, títí kan àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀bùn náà kò kàn. Nígbà tí Wales dáwọ́ dúró ní 2001 láti máa tẹ àtẹ ipò àwọn ilé-ìwé jáde, ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé èsì ibẹ̀ rẹ̀yìn sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Ítálì ló ṣòro jù láti bá èrò yìí mu. Ìdánwò INVALSI kì í fìyà jẹ olùkọ́ kankan, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà ń yí ìdáhùn padà. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní ọ̀lẹ ló fà á ju ìbẹ̀rù lọ: olùkọ́ tó yẹ kó fara balẹ̀ da ìdáhùn àwọn ọmọ kọ kò fara balẹ̀ ṣe é. Bí àjèjì bá wà níbẹ̀ tó ń wò, èrú náà á dín kù.

Àwọn tó ní ebi ni

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ olùkọ́ máa ń sọ nìyí ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ èrú bá délẹ̀, Romania sì fún wọn ní ẹ̀rí tó lágbára. Ní 2010, ìjọba ibẹ̀ gé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba kù ní ìdá 25 nínú 100. Oana Borcan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èsì ìdánwò àṣejáde àwọn ilé-ìwé ìjọba wé ti àwọn ilé-ìwé aládàáni, tí ìgékù náà kò kàn. Èsì àwọn ilé-ìwé ìjọba gòkè lọ́nà àjèjì lọ́dún náà gan-an. Ìwé tí àwọn ọmọ kà kò pọ̀ sí i. Owó tó ń kọjá lábẹ́ tábìlì ló pọ̀ sí i.

Ibi tí èrò yìí kò ràn ni pé gígé owó lójijì àti owó tí kò tó tipẹ́ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ti Romania fi hàn pé ènìyàn tí a bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lè wá a níbòmíràn. Kò fi hàn pé bí a bá sọ owó oṣù di ìlọ́po méjì, èrú á dẹ́kun. Àwọn olùkọ́ Atlanta kì í sì í ṣe ẹni tí ebi ń pa.

Àwọn tó ní àánú ni

Ní New York, fún ọ̀pọ̀ ọdún, olùkọ́ ilé-ìwé kan náà ló ń ṣe máàkì ìdánwò Regents tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe. Thomas Dee, Will Dobbie, Brian Jacob àti Jonah Rockoff rí i pé nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àwọn máàkì tó fi díẹ̀ kù kó tó ti àṣeyege ni wọ́n gbé sókè. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé àwọn òfin tó ń fìyà jẹ ilé-ìwé kọ́ ló fà á. Àwọn olùkọ́ náà kàn ń wò ó pé ọmọ tó gba 63 nígbà tí wọ́n ń béèrè 65 kò yẹ kó tìtorí máàkì 2 pàdánù ọdún kan. Nígbà tí ìjọba fòfin de títún máàkì wò, tí wọ́n sì ń gbé ìwé ìdáhùn lọ fún olùkọ́ ilé-ìwé mìíràn láti 2012, àṣà náà dáwọ́ dúró.

Àwọn olùkọ́ wa mọ irú àánú yìí dáadáa. Olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ tó jókòó níwájú òun kò rí olùkọ́ ìṣirò fún ọdún méjì gbáko, pé ìyá rẹ̀ yáwó san owó ìdánwò, pé kò sí owó fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó nira láti pe ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀daràn pọ́ńbélé. Ìwádìí New York náà gbè wọ́n lápá kan: àwọn ọmọ tí a gbé sókè ráyè jáde ilé-ìwé ju àwọn tí a kò gbé lọ. Ó tún ta kò wọ́n lápá kejì, nítorí àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kò padà kọ́ ohun tí wọn kò mọ̀, wọn kò sì dé kíláàsì tó ga jù.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn aláàánú ni pé àyè yunifásítì níye. Kírẹ́díìtì tí a fi àánú fún ọmọ kan ń gba àyè ọmọ mìíràn, tó wà ní abúlé kan tí olùkọ́ náà kò dé rí, tí kò sì sẹ́ni tó máa ṣàánú rẹ̀.

Àwọn tó ní ọjà ni

Ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, ìdáhùn kan wà tí àwọn onímọ̀ òkèèrè kì í sábà mẹ́nu bà: pé nínú òwò yìí, alágbàṣe lásán ni olùkọ́. Kírẹ́díìtì 5, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, àti ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, ni wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Òbí ń wá ibi tí ọmọ á ti rí i gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Onílé-ìwé aládàáni ń wá òbí. Bí ọmọ bá dé SS3, wọ́n á gbé e kúrò níbi tó ti ń kàwé bọ̀ láti JSS1 lọ sí ibi tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé èsì ibẹ̀ kì í jáni kulẹ̀. Irú ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè ní mírákù sẹ́ńtà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dá owó, wọ́n á fi ṣe alábòójútó tó wá láti ìta lálejò. Olùkọ́ tó bá ní òun kò ní jókòó sí yàrá kejì láti yanjú ìbéèrè físíìsì lè má bá iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sí ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni tó máa gbà á sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń nípa nínú rẹ̀, nítorí gómìnà tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá gòkè nínú èsì WAEC tàbí NECO á fi ṣe ìpolongo, ọ̀rọ̀ náà á sì máa sọ̀kalẹ̀ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì títí yóò fi dé kíláàsì.

Èrò yìí ṣàlàyé ohun tí ti Atlanta kò lè ṣàlàyé. Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó ní kí a lé olùkọ́ nítorí èsì ọmọ, síbẹ̀ èrú wà níbi gbogbo. Owó ló ń tì í, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ó tún fi hàn ìdí tí fífìyà jẹ olùkọ́ kan kò fi dí ọjà náà lọ́wọ́: wọ́n á gba òmíràn.

Àbùkù rẹ̀ ni pé òwò ìkọ̀kọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni a gbọ́ lẹ́nu ènìyàn tàbí tí a kà nínú ìròyìn ọlọ́pàá. Kò ṣàlàyé ilé-ìwé ìjọba tí ìpínlẹ̀ ti ń san owó ìdánwò, tí òbí kò san kọ́bọ̀, tí olùkọ́ sì ṣì ń sọ ìdáhùn. Ó sì rọrùn láti máa bú òbí, nígbà tó jẹ́ pé òbí tó ń wá mírákù sábà jẹ́ ẹni tó ti san owó ilé-ìwé fún ọdún 6 láìrí ẹ̀kọ́ gbà.

Àwọn tó ní kí a ya ọwọ́ sọ́tọ̀

Èrò yìí kò béèrè irú ènìyàn tí olùkọ́ jẹ́. Ó béèrè ìdí tí a fi ní kí ẹni tí a ń wọ̀n di òṣùwọ̀n mú. Ní Nàìjíríà, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló sábà ń jẹ́ ibùdó ìdánwò fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Olùkọ́ ni alábòójútó, olùkọ́ ni ẹni tó ń pín ìbéèrè, olùkọ́ ló sì ní orúkọ tí èsì náà á gbé ga tàbí tí yóò bà jẹ́.

Ẹ̀rí wọn pọ̀. Ti New York àti Ítálì ni a ti rí. Ní Indonesia, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdánwò àpapọ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní 2015. Níbi tí kọ̀ǹpútà dé, èsì já wálẹ̀ púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí tó fi hàn bí èrú ti pọ̀ tó tẹ́lẹ̀; láàrin ọdún díẹ̀, èsì tún ń gòkè, àwọn tó ṣèwádìí sì ní ẹ̀kọ́ gan-an ló ń gbé e sókè lọ́tẹ̀ yìí. Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló fún mi ní ìrètí jù lọ, nítorí ó jọ pé olùkọ́ tí kò ráyè ṣe èrú mọ́ padà sí iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ.

Ti Romania kò fúnni ní irú ìrètí bẹ́ẹ̀. Ní 2011 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà sí gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n sì mú kí ìjìyà le. Èrú dín kù, iye àwọn tó yege sì já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tálákà ló ṣubú jù, àlàfo àárín wọn àti ọmọ olówó sì fẹ̀ sí i. Bí a bá gba ọ̀pá èrú lọ́wọ́ ẹni tí kò rí ẹ̀kọ́ gbà, tí a kò sì fún un ní ẹ̀kọ́, a kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Nílé, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti 2015, kò sì sí olùkọ́ tó lè dúró sẹ́yìn ọmọ níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ pàtàkì tí JAMB gbé dìde lórí ìdánwò ọdún 2025 jábọ̀ pé wọ́n rí ibi 4,251 tí wọ́n ti pa ìtẹ̀ka ènìyàn méjì pọ̀, àti ibi 190 tí wọ́n ti fi ọgbọ́n ẹ̀rọ pa àwòrán ojú ẹni méjì pọ̀, kí ẹlòmíràn lè jókòó ṣe ìdánwò fún olórúkọ. Èrú kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà. Lọ́dún kan náà, àṣìṣe ẹ̀rọ ba ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 jẹ́ ní ibùdó 157 ní Èkó àti gúúsù-ìlà-oòrùn, wọ́n sì ní láti tún un ṣe.

WAEC náà gbìyànjú tirẹ̀ ní 2025. Wọ́n to ìbéèrè iṣẹ́ mẹ́rin lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọmọ méjì tó jókòó tira wọn má lè wo ara wọn. Nítorí ìbẹ̀rù pé ìbéèrè á tú síta, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti 28 May pẹ́ débi pé àwọn ọmọ kan fi tọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ ní òru. Nígbà tí èsì jáde ní August, 38.32 nínú 100 ni wọ́n ní ó rí kírẹ́díìtì 5 pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n rí i pé àtẹ ìdáhùn tí wọ́n fi ṣe máàkì apá kan Gẹ̀ẹ́sì kò bá ìtò tuntun náà mu, iye náà sì di 62.96. Ẹ wo iye ọmọ tó fi ọjọ́ mélòó kan sunkún èsì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyapa ọwọ́ dára, èmi náà sì fara mọ́ ọn ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tí a gbà lọ́wọ́ olùkọ́ nílò ibi tó lágbára láti gbé e sí.

Àwọn tó ní kí a dín agbára ìdánwò kù

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1977, àti ètò 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, fẹ́ kí máàkì tí ọmọ ń gbà láti ọdún dé ọdún bá ìdánwò àṣekágbá pín iṣẹ́. Èrò tó dára ni: bí ọjọ́ kan ṣoṣo kò bá lè ba ayé ọmọ jẹ́, ìbẹ̀rù á dín kù, èrú náà á sì dín kù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé máàkì yẹn wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan náà láìsí ẹlẹ́rìí. Finland ń gbára lé olùkọ́ rẹ̀, kò sì ní ìdánwò àpapọ̀ mìíràn àyàfi èyí tó wà ní òpin girama àgbà; àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ní oyè másítà, ṣíṣà ni wọ́n sì ń ṣà wọ́n. Indonesia pàápàá fòpin sí ìdánwò àpapọ̀ rẹ̀ nígbà tó fi máa di 2021, lẹ́yìn gbogbo owó tó ti ná láti fọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni bí a ó ṣe mọ̀ bóyá à ń ṣe dáadáa. Iye èsì tí WAEC so rọ̀ ń sọ ohun tí wọ́n rí mú, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dín kù láti 2024 sí 2025, ṣùgbọ́n bóyá èrú ló dín kù ni o, bóyá ó gbọ́n sí i ni, iye náà nìkan kò lè sọ.

Ti olùkọ́ tó kọ̀ tún wà ńlẹ̀. Púpọ̀ nínú ìrònú tí a yẹ̀ wò yìí ló mọ bí a ó ṣe ká ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ kò. Kò sí èyí tó ní ìdáhùn tó dáńtọ́ fún olùkọ́ aládàáni tó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ òtítọ́, tí kò sì sí ilé-ìwé mìíràn ní àdúgbò tó fẹ́ gbà á.

Kọ̀ǹpútà ń bọ̀ wá sínú ìdánwò WAEC àti NECO náà. Ta ni yóò ni àwọn ibùdó náà, ta ni yóò sì máa ṣọ́ onílé? Kí ni ilé-ìwé girama tí kò ní iná mànàmáná yóò ṣe: ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ á máa rìn lọ sí ìlú mìíràn ni, tàbí a ó máa gbé ẹ̀rọ lọ bá wọn?

Èyí tó nira jù ni ohun tí Romania gbé síwájú wa. Bí gbogbo ilẹ̀kùn èrú bá tì lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ tí kò rí olùkọ́ ìṣirò láti SS1 á jókòó sí gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́, á sì kùnà. Lára àwọn tó ń béèrè pé kí èrú dópin, mélòó ló ti múra láti san owó olùkọ́ yẹn kí ọmọ náà tó dé ibẹ̀?